Ẹsẹ̀ Ló Ń Yan Ìjókòó, Apá Ló Ń Yan Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè To Kẹ̀kẹ́ Yín fún Ọ̀nà Oko

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí mo kọ́kọ́ gbé wọ ọ̀nà oko, tòkúnbọ̀ ni. Táyà rẹ̀ nípọn, bíréèkì rẹ̀ ń mú, gíà rẹ̀ ń wọlé geerege. Síbẹ̀, n kò tíì rìn ju kìlómítà mẹ́rin kọjá Mọ́níyà tí iwájú orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, tí àtẹ́lẹwọ́ mi sì kú. Mo ní kẹ̀kẹ́ náà ni kò dáa. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà wò mí bí mo ṣe jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì lò ń gùn yìí, ọmọ mi.” Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó lò ó lókè òkun kúrú jù mí lọ. Ibi tó fi ìjókòó sí ni mo bá a, ibẹ̀ náà ni mo sì fi sílẹ̀ sí.

Ohun tí bàbá yẹn kọ́ mi lọ́jọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹsẹ̀ la fi ń wá ààyè ìjókòó, apá la fi ń wá ààyè ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ parí ti ẹsẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ apá. Ẹni tó bá ń ti ìjókòó síwájú torí pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà sí i, orúnkún rẹ̀ ló fi ń san gbèsè apá.

Kí ẹ tó tú bóòtù kankan

Irinṣẹ́ kò pọ̀: alẹ́ńkì (irin oníhà mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtù) 4, 5 àti 6 mìlímítà, sípánà 13 tàbí 14 fún àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, téèpù tí a fi ń wọn nǹkan, òwú gígùn kan tí ẹ so nọ́ọ̀tù mọ́ nídìí, gírísì díẹ̀, àti kútẹ́ẹ̀sì. Kútẹ́ẹ̀sì èékánná ni mò ń wí o. Ẹ fi fa ìlà tín-ín-rín síbi tí òpó ìjókòó ti wọ inú egungun kẹ̀kẹ́, ẹ tún fa òmíràn síbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọ ọrùn rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ṣe kò bá bá yín lára mu, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ti gbéra, ẹ ó sì lè padà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ bá nílẹ̀ sínú fóònù.

Bàtà tí ẹ máa wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ wọ̀ báyìí, torí sílípáàsì àti kanfáàsì kò nípọn bákan náà. Ẹ fa kẹ̀kẹ́ ti ògiri níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó lè dúró lẹ́yìn yín wò yín, ó dáa.

Àwọn orúkọ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: òpó ìjókòó ni irin tó gbé ìjókòó dúró. Egungun kẹ̀kẹ́ ni ara rẹ̀ gan-an, tí a to gbogbo ìyókù mọ́. Fọ́ọ̀kì ni irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú. Ọrùn kẹ̀kẹ́ ni irin kúkúrú tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ fọ́ọ̀kì. Apá pẹ́dà ni irin tí pẹ́dà wà ní orí rẹ̀.

Gíga ìjókòó

Ẹ jókòó, ẹ fọwọ́ kan di ògiri mú. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn títí ọ̀kan yóò fi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Gìgísẹ̀ ni kí ẹ gbé lé e, kì í ṣe iwájú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ nà tán, ìdí kò sì gbọdọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí orúnkún bá ṣì tẹ̀, ẹ gbé ìjókòó sókè. Bí gìgísẹ̀ kò bá kan pẹ́dà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tó bá ti gún, ẹ wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé pẹ́dà, ibi tó lẹ́ran nídìí àwọn ọmọ ìka. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bíi dígírì 25 sí 35. Ìtẹ̀ yẹn gan-an la ń wá.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò lè gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ki ìwé ẹlẹ́yìn líle kan sáàárín itan, kí ó fún mọ́ra bí ìgbà tí ẹ bá wà lórí ìjókòó. Ẹ wọn láti etí òkè ìwé náà dé ilẹ̀, kí ẹ fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá rí sẹ̀ǹtímítà 80, nǹkan bíi 70.6 ló máa bọ́ sí. Ìyẹn ni ìwọ̀n láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí, ní títọ òpó lọ, dé orí ìjókòó. Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba ìdíje eré kẹ̀kẹ́ Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990, ló sọ ìṣirò yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àmọ́ orí ọ̀dà, ìyẹn títì dídán, ni LeMond ti ń sáré. Fún ọ̀nà oko, mo máa ń yọ sẹ̀ǹtímítà 1 kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè yọ 2, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tètè kanlẹ̀ nígbà tí gbòǹgbò igi bá gbá táyà dànù.

Ara fúnra rẹ̀ á sọ fún yín bí ẹ bá ṣì í. Bí iwájú orúnkún bá ń ro yín, ìjókòó rẹlẹ̀ jù. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Bí ẹ̀yìn orúnkún bá ń fà yín, ó ga jù. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín náà á rí i: tí ìjókòó bá ga jù, ìbàdí á máa jó sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ti ń wa pẹ́dà.

Ìlà kan wà lára òpó ìjókòó tí wọ́n fín sí i níléeṣẹ́, pé kò gbọdọ̀ yọ kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà yẹn níta, òpó yẹn kúrú fún yín, ẹ lọ ra èyí tó gùn. Ẹ má ṣe é ní “ó máa gbé mi.” Lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, irin tí kò wọlé tó á fọ́ ẹnu egungun kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì lè kán lábẹ́ yín. Tí ẹ bá ń rà á, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí òpó ni kí ẹ gbé dání lọ: 27.2, 30.9 àti 31.6 mìlímítà wọ́pọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n gé agolo wé òpó tó tín-ín-rín kó lè há. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ààrin oko kan rí lójú mi kí ó tó yọ́ sílẹ̀.

Ẹ nu òpó, ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á kí ó má baà dípẹtà mọ́nú. Bí òpó tàbí egungun kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí kì í ṣe irin, gírísì ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ fún bóòtù tó di òpó mú le, kí ẹ wá di iwájú àti ẹ̀yìn ìjókòó mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí i. Kò gbọdọ̀ mì.

Síwájú tàbí sẹ́yìn

Bíríkìlà máa ń so nǹkan wúwo mọ́ okùn láti mọ̀ bóyá ògiri òun dúró gbọn-in. Ohun tí a fẹ́ fi òwú àti nọ́ọ̀tù wa ṣe náà nìyẹn. Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó gan-an, ẹ gbé iwájú ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, kí apá pẹ́dà méjèèjì nà gbọọrọ, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Kí ẹnì kan fi orí òwú kan abẹ́ eegun róbótó tó wà níwájú orúnkún tó wà níwájú, kí ó jẹ́ kí nọ́ọ̀tù rọ̀ wálẹ̀. Ibi tí irin àárín pẹ́dà wà ló yẹ kí ó bọ́ sí. Bí nọ́ọ̀tù bá kọjá síwájú, ẹ dẹ bóòtù abẹ́ ìjókòó, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Bó bá kù sẹ́yìn, ẹ tì í síwájú.

Kì í ṣe òfin Mósè. Ẹni tí ibùgbé rẹ̀ jẹ́ òkè tó ga gọngọ, irú èyí tó wà ní Ìdànrè tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, lè jẹ́ kí orúnkún ṣíwájú pẹ́dà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1, torí ìyẹn á jẹ́ kí ìwúwo ara mú táyà iwájú mọ́lẹ̀ kó má fò sókè. Kí ẹ ṣáà rántí pé bí ìjókòó bá lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹ gbé e sókè díẹ̀ ni, tó bá sì wá síwájú, ó ti di pé ó rẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ tún ti gìgísẹ̀ yẹn dán wò.

Ní ti bí imú ìjókòó ṣe dojú kọ òkè tàbí ilẹ̀, ẹ gbé ìwé líle lé e láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ gbé fóònù tó ní ohun ìwọn-ìpele lé ìwé náà lórí, tàbí sípírítì bíríkìlà tí ẹ bá rí yá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ojú ara bá ń kú lórí òkè gígùn, ẹ tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ ní dígírì 1 tàbí 2. Bó bá ju 3 lọ, ẹ ó máa yọ̀ síwájú, apá yín ni yóò sì máa ti ara padà lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ọwọ́ ń ro òun, tó ti pààrọ̀ rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lọ wo imú ìjókòó rẹ̀ ná.

Ìlà kejì: ti gẹ̀rẹ́

Ìjókòó tó bá ẹsẹ̀ mu lórí òkè kò bá ara mu ní gẹ̀rẹ́. Mo fi ara mi dán an wò: ọ̀nà kan tó dà sínú odò, mo jókòó gàgà lókè bí ọba, táyà iwájú bọ́ sínú ipa ọ̀gbàrá, ìjókòó gbá mi nídìí síwájú, mo fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo bá ara mi nínú ẹrẹ̀. Ààyè tí ó yẹ kí ìdí mi rí sá sí lẹ́yìn àti nísàlẹ̀, ìjókòó ti gbà á.

Ọ̀ràn yìí kò tuntun. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ Marin County ní Califọ́níà máa ń gun kẹ̀kẹ́ àlòkù sọ̀ láti orí òkè Tamalpais. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, àti Josh Angell ló ṣe sípíríǹgì kan tí wọ́n pè ní Hite-Rite ní 1984. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á kàn ṣí ìdè òpó, á fi ìdí tẹ ìjókòó wálẹ̀, tó bá débi tó tẹ́jú, sípíríǹgì á gbé e padà. Lónìí, òpó tí bọ́tìnnì ọwọ́ ń gbé sókè sódò ti wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju owó kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ lọ.

Tiwa rọrùn. Ẹ fa ìlà kútẹ́ẹ̀sì kan síbi gíga tí ẹ rí. Ẹ fa ìkejì, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ga ju ìyẹn lọ lára òpó. Nígbà tí ẹ bá dé orí gẹ̀rẹ́ gígùn, ẹ dúró, ẹ ti òpó wọlé títí ìlà òkè yóò fi kan ẹnu egungun kẹ̀kẹ́. Nísàlẹ̀, ẹ gbé e padà sí ìlà àkọ́kọ́. Ìdè ọlọ́wọ́, èyí tí a kì í fi sípánà ṣí, ló dáa jù fún èyí, kò sì wọ́n. Fún gẹ̀rẹ́ kúkúrú, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ dìde dúró.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́: ìnàró ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n

Ibi tí ọ̀nà oko ti yàtọ̀ sí ọ̀dà pátápátá nìyí. Ní ibi tó le jù, ìdí kì í sí lórí ìjókòó. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìjókòó nìkan wọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ti wọ̀n ọ́n fún ibi tó rọrùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó, àti láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ti ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Kí méjèèjì dọ́gba, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ lè jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 rẹlẹ̀. Bó bá ga jù, táyà iwájú á máa fò sókè lórí òkè, á sì máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ ní kọ́nà.

Ẹ wá dìde lórí pẹ́dà, apá pẹ́dà nà gbọọrọ, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ díẹ̀, àyà rọ̀ síwájú, ìdí lọ sẹ́yìn. Ẹ ṣí ìka kúrò lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwúwo yín gbọ́dọ̀ wà lórí ẹsẹ̀, kí ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ láìṣubú. Bí apá bá ní láti nà tán kó tó débẹ̀, ó jìnnà jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù. Bí orúnkún bá ń gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ bá yí i, ó sún mọ́ yín jù.

Bí ẹ ṣe máa gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dúró lórí irú ọrùn tó ní. Ọrùn àtijọ́, irú ti Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, jẹ́ ọ̀pá kan tó wọ inú fọ́ọ̀kì, bóòtù gígùn kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ tú bóòtù yẹn ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ gbé igi lé e lórí, kí ẹ fi òòlù kàn án wẹ́rẹ́. Nǹkan tó há nísàlẹ̀ á bọ́, ọrùn á sì máa lọ sókè sódò. Òun náà ní ìlà tí kò gbọdọ̀ yọ síta. Ẹ tò ó kó tọ́ sí táyà, ẹ fún un le.

Ọrùn ti òde òní kò wọnú fọ́ọ̀kì. Ṣe ló gbá a mú láti ìta, pẹ̀lú bóòtù méjì ní ẹ̀gbẹ́ àti ìdérí kan lókè. Òrùka pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń pinnu gíga. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró kí fọ́ọ̀kì má baà jábọ́, ẹ tú bóòtù ìdérí kúrò, ẹ dẹ bóòtù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ yọ ọrùn. Láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ mú òrùka kan láti abẹ́ rẹ̀ lọ sí orí rẹ̀. Ẹ má sọ òrùka náà nù o. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹnu irin fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 2 sí 3 rẹlẹ̀ ju etí òkè ohun tí ìdérí máa jókòó lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdérí ò ní rí ohun kankan fún.

Ètò fífún un ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, títí kan àwọn tó ń fi í jẹun. Ìdérí lẹ máa kọ́kọ́ fún, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, nígbà tí bóòtù ẹ̀gbẹ́ ṣì dẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí bọ́ọ̀lù tí fọ́ọ̀kì fi ń yí nínú egungun kẹ̀kẹ́ fara mọ́ra. Òun kọ́ ló ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, ẹ fi ọwọ́ kejì kan ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ egungun kẹ̀kẹ́, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́, ó ṣì dẹ̀. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá le láti yí, ẹ ti fún un jù. Nígbà tó bá ń yí geerege láìkọ́, ẹ to ọrùn tọ́ sí táyà, kí ẹ wá fún bóòtù ẹ̀gbẹ́ ní ṣíṣe pàṣípààrọ̀: èyí díẹ̀, tọ̀hún díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ agbára tó yẹ kí ẹ fi fún un sí i lára, 5 tàbí 6 Nm (Newton-mítà). Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára, kí ó di alẹ́ńkì mú níbi tó kúrú, kó má fi gbogbo èjìká tì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi itan di táyà iwájú mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bó bá yí nígbà tí táyà dúró, ẹ padà sídìí bóòtù. Ẹ tún yí i tán sọ́tùn-ún, tán sósì, kí ẹ wo wáyà bíréèkì àti ti gíà. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè púpọ̀, wáyà lè kúrú, bíréèkì á sì máa di ara rẹ̀ mú ní kọ́nà.

Bí gíga bá ti tọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣì jìnnà, ọrùn kúkúrú ni oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́ ní ọrùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Èyí tó jẹ́ 6 sí 8 á gba ara yín sílẹ̀, yíyí rẹ̀ á sì yá kánkán. Ẹ wọn ìnípọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láàárín kí ẹ tó rà á: 25.4 kì í bá 31.8 ṣe.

Bíréèkì àti ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́

Ẹ dúró bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ na ìka sórí irin bíréèkì. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọmọ ìka, kí ó jẹ́ ìlà kan gbọọrọ. Bí ọrùn ọwọ́ bá ká sókè tàbí sílẹ̀, ẹ dẹ bóòtù rẹ̀, kí ẹ yí i. Ẹ tún tì í wọ àárín títí ìka ìfábẹ̀lá nìkan yóò fi bọ́ sí orí rẹ̀, ní ìpẹ̀kun. Ìka kan tó fún bíréèkì; èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú, ẹ wo ìdí irin náà, sùkúrúù kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ń fà á sún mọ́ ọwọ́. Ẹ má fún bóòtù bíréèkì le bí ti ọrùn. Ẹ jẹ́ kó le tó láti dúró, kí ó sì lè yí bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, dípò kó kán.

Bí ẹ bá fẹ́ gé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrú, ẹ kọ́kọ́ ti rọ́bà, bíréèkì àti gíà wọ inú, kí ẹ gùn ún bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹni tó bá gé irin kò lè fà á gùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí rọ́bà bá ti lu, tí irin yọ ẹnu sí i bí ẹnu ife, ẹ wá nǹkan dí i lẹ́nu. Irin lásán yẹn máa ń gé ikùn èèyàn bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, àwọn ọmọdé ló sì ń ṣe jù.

Ẹ gùn ún

Ẹ mú ọ̀nà kékeré kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, tó ní òkè kan, gẹ̀rẹ́ kan, àti ibi tí yangí ti fọ́n ká. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ fi alẹ́ńkì sápò. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mìlímítà 5 lọ, kí ẹ tún gùn ún. Ẹni tó bá gbé ìjókòó sókè, tó fà á sẹ́yìn, tó tún sọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kò ní mọ èyí tó tú u lára àti èyí tó dá a lóró.

Bí ẹ bá dé ilé, kí ẹ tó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ wo àwọn ìlà kútẹ́ẹ̀sì. Bí ìlà òpó bá ti rì wọlé tàbí ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti yẹ̀, bóòtù ibẹ̀ dẹ̀ ní ọ̀nà. Ẹ fún un, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìgùn kejì.